Kí ni ẹni tó ń ka ìwé ayé àtijọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe?

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa kan ní Ìrẹ̀mọ níbí ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì kan lókè òkun, nígbà tí wọ́n wá ka ohun tó ń ṣe sí àwọn àgbà létí, wọ́n ní ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù láàárín nǹkan bí ọdún 500 sí 1500 ló ń kà, ó tún ń ka ìwé Gíríìkì àti Látìnì ayé àtijọ́, ó tún wá ń kọ́ iṣẹ́ láìbìrì àti bí wọ́n ṣe ń to ìmọ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Màmá kan ní, "Ṣé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ni àbí kò tíì mọ èyí tó máa mú?" A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni màmá bi o, torí téèyàn bá kàn gbọ́ ọ báyẹn, á jọ pé ọmọ náà ò rí ojú ibì kan jókòó sí.

Ó rí ibi jókòó sí. Iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń wá ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ ní bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, báwo ló ṣe rìn dé ọwọ́ wa, ta ló gbé e, ibo ló ti já sọnù lójú ọ̀nà, kí ni wọ́n fi kún un, báwo la sì ṣe máa tò ó báyìí tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fi rí i. Ẹ ò lè fi ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo dáhùn ìyẹn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù nìyí: kò sí ẹyọ ìwé kan tí Virgil tàbí Cicero, àwọn òǹkọ̀wé ńlá ní Róòmù àtijọ́, fọwọ́ ara wọn kọ tó délẹ̀ yìí. Kò sí rárá. Cicero, tí wọ́n pa ní ọdún 43 kí wọ́n tó bí Jésù, orí papyrus ni wọ́n ń kọ tiẹ̀ sí, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fi koríko etí odò ní Íjíbítì ṣe, nǹkan yẹn sì máa ń jẹrà tí ilẹ̀ ibi tó wà bá tutù. Ohun tí ayé ń kà lónìí lórúkọ Cicero, àdàkọ tí wọ́n dà kọ láti ara àdàkọ ni, àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin onígbàgbọ́ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé pọ̀ ní ilé ẹ̀sìn, ló fi ọwọ́ kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí awọ ẹran, pàápàá láti bí ọdún 800 síwájú nígbà tí Charlemagne tó jẹ ọba lórí ibi tó pọ̀ ní Yúróòpù ní kí àwọn ilé ẹ̀sìn gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkọ tó já geere. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní Róòmù lòun ń kà fi gbọ́dọ̀ mọ ayé àwọn mọ́ǹkì, irú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ, ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ohun tí wọ́n kórìíra, torí ọwọ́ wọn ni ìwé náà gbà kọjá. Tí wọn ò bá fẹ́ràn ìwé kan, wọn ò ní dà á kọ, tí wọn ò bá sì ti dà á kọ, ó tán nìyẹn.

Akéwì ará Róòmù kan wà tó ń jẹ́ Lucretius, tó kọ ewì gígùn kan pé gbogbo nǹkan tó wà láyé, horo tín-tìn-tín ni wọ́n, tó ń rìn kiri nínú òfìfo. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó rántí ẹ̀. Ọdún 1417 ni ọkùnrin ará Ítálì kan, Poggio Bracciolini, tó ti ń ṣe akọ̀wé fún póòpù kan kí wọ́n tó yọ póòpù yẹn nípò, wá dẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀, ló bá ń wọ ilé ẹ̀sìn kiri lápá ilẹ̀ Jámánì, ó ń wá ìwé àtijọ́. Ó rí Lucretius, ó ní kí wọ́n dà á kọ fóun. Ìwé tí wọ́n dà kọ fún Poggio yẹn, òun náà ti sọnù báyìí! Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Niccolò Niccoli ló yá a tó dà á kọ, tiẹ̀ ló ṣẹ́ kù ní Florence. Orí kó wọn yọ pé ẹ̀dà méjì tó ti wà láti àwọn ọdún 800 wà ní Leiden nílẹ̀ Netherlands. Ti akéwì tó ń jẹ́ Catullus tiẹ̀ tún wá burú ju ìyẹn, ìwé kan ṣoṣo tó yọjú ní ìlú Verona ní nǹkan bí ọdún 1300 ló bí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tá a ní lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ẹ̀, ìyá ìwé náà sì ti rá. Ká ní eku jẹ ẹ́ ṣáájú àkókò yẹn ńkọ́?

Ẹni tó bá rò pé wàhálà àwọn òyìnbó nìyẹn, kó rántí ti Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó parí ẹ̀ lọ́dún 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ìwé náà sì sọnù lọ́hùn-ún. Bàbá yẹn kú lọ́dún 1901 láìfojú rí i. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà gbá àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ tó tún un kọ, ó jáde lọ́dún 1921. Nítorí náà gbogbo wa tá a máa ń sọ pé "Johnson sọ pé", ohun tí àbúrò tún kọ là ń kà, a ò sì ní ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láti fi wò ó. Irú ìbéèrè tí ọ̀mọ̀wé tí mo ń sọ yìí máa ń bi Lucretius nìyẹn gẹ́lẹ́.

Kí n sì fi èyí kún un, torí àwọn kan máa ń rò pé ìtàn àárín yẹn ò kàn wá. Láàárín ọdún kan náà tí àwọn mọ́ǹkì ń da ìwé kọ yẹn ni àwọn èèyàn Ifẹ̀ ń da orí idẹ, tí wọ́n ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá, tí wọ́n ń yọ́ dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe dígí yẹn fúnra wọn, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí wọ́n kó wá láti ibòmíì, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ sì lé ní 12,000. Àwọn orí idẹ tó lókìkí jù, ọdún 1938 ni wọ́n kàn wọ́n lágbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn èèyàn wa ò fi awọ àti tàdáwà sílẹ̀, idẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, torí náà ẹni tó ń hú ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó ń ka ìwé awọ ń ṣe lọ́hùn-ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí awọ. Awọ màlúù, ti àgùntàn, ti ewúrẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi ẹfun, wọ́n á fá irun ẹ̀, wọ́n á nà án mọ́ igi kó gbẹ. Ó wọ́n gan-an. Bíbélì ńlá kan tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ọdún 716, awọ ọmọ màlúù tó lọ sínú ẹ̀ tó nǹkan bí 500. Torí pé ó wọ́n báyẹn, tí ìwé kan bá ti dàgbà tí kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́, wọ́n á fọ tàdáwà inú ẹ̀ dànù, wọ́n á ha á, wọ́n á sì kọ nǹkan míì lé e lórí. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí Archimedes, ògbóǹtagí oníṣirò ará Syracuse. Wọ́n da iṣẹ́ ẹ̀ kọ ní Constantinople (tí wọ́n ń pè ní Istanbul báyìí) láàárín àwọn ọdún 900, nígbà tó di ọdún 1229 àlùfáà kan tú ìwé náà, ó fọ̀ ọ́, ó yí awọ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ká a sí méjì, ó wá kọ àdúrà sí i. Ìlà àdúrà dúró ní ìbú lórí ìlà ìṣirò. Ọ̀mọ̀wé Heiberg ará Denmark lo awò ìmúǹkantóbi lọ́dún 1906, ó ka èyí tó lè kà, ìwé náà tún pòórá lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tó máa fi padà yọjú lọ́dún 1998 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní mílíọ̀nù 2 dọ́là, ewú sì ti bò ó.

Ẹni tó rà á gbé e fún mùsíọ̀mù Walters ní Baltimore kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ibí yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tan iná oríṣiríṣi àwọ̀ sí ojú ìwé kan náà, èyí tójú wa rí àti èyí tójú wa ò lè rí, wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà da àwọn fọ́tò yẹn pọ̀ kí tàdáwà ìsàlẹ̀ fi yọ kúrò lára ti òkè. Ibi tí ẹnì kan ti ya àwòrán èké bo ojú ìwé mọ́lẹ̀ (wàhálà ẹ̀dá ò tán), wọ́n gbé e lọ sí Stanford, wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray tó lágbára wá irin tó wà nínú tàdáwà, torí irin wà nínú tàdáwà ìgbà yẹn, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Iṣẹ́ Archimedes kan tó ṣàlàyé bó ṣe ń ronú kan ìdáhùn àwọn ìṣirò ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan ló wà ní gbogbo àgbáyé. Wọ́n kó gbogbo fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2008.

Nísinsìnyí, bí wọ́n ṣe ń mọ ìwé tó bí ìwé. Ibí ló dùn mọ́ mi jù, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní Iléṣà kọ gbólóhùn yìí: "Bàbá lọ sí ọjà Atákúnmọ́sà, ó ra iṣu, ó lọ sí ọjà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ra àgbàdo, ó sì padà sílé." Ìwé yẹn ti sọnù, ẹ̀dà mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ wa. Ẹ̀dà kìíní pé, kò sí àléébù. Nínú ẹ̀dà kejì, "Bàbá lọ sí ọjà Atákúnmọ́sà, ó ra àgbàdo, ó sì padà sílé." Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹni tó ń dà á kọ kọ "ó ra" àkọ́kọ́, ó gbójú kúrò nínú ìwé, nígbà tó fi máa gbójú padà, orí "ó ra" kejì ló balẹ̀ sí, iṣu àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà bá tibẹ̀ lọ. Ẹ̀dà kẹta, bó ṣe fo nǹkan náà nìyẹn, àmọ́ ó tún kọ "àgbò" dípò "àgbàdo". Ẹ̀dà kẹrin náà fo o, òun náà kọ "àgbò", ó wá fi kún un pé "àgbò ńlá".

Ṣé èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á kàn ṣèèṣì fo ibì kan náà ni? Ó ṣòro. Á jẹ́ pé ẹ̀dà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ní ìyá kan náà tó ti fo iṣu. Ìkẹta àti ìkẹrin tún wá sún mọ́ra wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àgbò. Tá a bá wá fẹ́ mọ ohun tí ará Iléṣà yẹn kọ gan-an, a ò ní dìbò o, a ò ní sọ pé ìwé mẹ́ta ní bàbá ò ra iṣu, ọ̀kan ṣoṣo ló ní ó rà á, kí mẹ́ta borí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ẹ̀rí ẹnì kan ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ká ní ohun tí àwọn èèyàn tó ń pín nǹkan kiri lórí WhatsApp mọ̀ nìyí ni, à bá sinmi.

Ohun tó sì máa ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni pé ibi tí ìwé méjì bá ti jọ tọ̀nà, kò fi nǹkan kan hàn, torí ẹni tó bá da òtítọ́ kọ dáadáa lè ti rí i láti ibikíbi. Àṣìṣe tí wọ́n jọ ní ló ń fi ẹbí hàn. Ọ̀gbẹ́ni Karl Lachmann ará Jámánì lorúkọ ẹ̀ mọ́ ọ̀nà yìí jù, òun ló fi ṣiṣẹ́ lórí Lucretius tá a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tiẹ̀ jáde lọ́dún 1850. Ọ̀nà náà ní ìṣòro tiẹ̀. Akọ̀wé míì máa ń tẹ́ ìwé méjì síwájú, á mú díẹ̀ níbí, á mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹbí á dàrú. Òmíì tún gbọ́n jù, tó bá rí ohun tí ò yé e, á tún un ṣe, á wá dà bíi pé ìwé tiẹ̀ ló dáa jù. Ọlọ́gbọ́n akọ̀wé ló ń da ìtàn rú ju òmùgọ̀ lọ, èmi gbà bẹ́ẹ̀, torí òmùgọ̀ á kàn da ohun tó rí kọ tòun ti àṣìṣe ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má gbé ọ̀nà yìí lọ bá ẹsẹ Ifá o. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ dán an wò. Odù jẹ́ 256, ẹsẹ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò lóǹkà, bí babaláwo Ifẹ̀ ṣe máa kì í lè yàtọ̀ sí ti babaláwo Iléṣà, ìyẹn ò sọ pé ọ̀kan ṣì í dà kọ lára èkejì. Lachmann gbà pé ìwé kan ló kọ́kọ́ wà tí gbogbo wọn ti bà jẹ́. Nínú ohun tí wọ́n ń fi ẹnu kì, a ò lè kàn gbà bẹ́ẹ̀ láìwádìí.

Ẹ̀ka kẹta wá ńkọ́, ọ̀rọ̀ láìbìrì àti ìtòjọ ìmọ̀? Àwọn èèyàn rò pé torí kọ̀ǹpútà dé ni wọ́n ṣe mú un wọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Ní Alẹksáńdríà ní Íjíbítì, ní bí 250 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Callimachus ti jókòó to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì àti ìwé wọn, irú ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tiẹ̀ nìkan gba 120 ìwé kíká, irú èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní. Láàárín àwọn ọdún 1230, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Dominican ní Paris, tí Hugh of Saint-Cher jẹ́ olórí fún, to àwọn ọ̀rọ̀ inú Bíbélì sílẹ̀ ní a-b-d, wọ́n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí i lára, tí oníwàásù bá ń wá "omi" tàbí "àjàrà", á rí i. Ìwọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google lónìí, ohun tí wọ́n ń fi gègé ṣe nìyẹn. Kódà àyè tí a ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, àwọn ará Róòmù ò fi bẹ́ẹ̀ fi í sí i, wọ́n á kàn kọ lẹ́tà wọn lọ gbọọrọ, àwọn mọ́ǹkì ilẹ̀ Ireland wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kí Látìnì tí kì í ṣe èdè ìyá wọn lè rọrùn láti kà.

Ẹni tó wá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn ní gbangba ni àlùfáà ará Ítálì kan, Roberto Busa. Ó fẹ́ to gbogbo ọ̀rọ̀ tí Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kátólíìkì ayé àtijọ́, kọ, Aquinas yìí sì kọ̀wé kò kéré, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1949 Busa lọ bá ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ IBM, Thomas Watson, ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Káàdì oníhò, èyí tí wọ́n ń lu ihò sí kí ẹ̀rọ lè kà á, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lu káàdì yẹn, orúkọ wọn ò sí níwájú ìwé. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún kí iṣẹ́ náà tó jáde tán, ìdìpọ̀ 56. Ní 1972, Yunifásítì California tó wà ní Irvine bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ìwé Gíríìkì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Tí ẹ bá ń bi mí pé kí ló le tó bẹ́ẹ̀ nínú kíkó ìwé sí kọ̀ǹpútà, ẹ wo orúkọ nìkan ná. Oníṣègùn tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Ibn Sina, Avicenna ni ìwé Látìnì ń pè é. Ibn Rushd, Averroes. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni àfi tí ẹnì kan bá sọ fún un, torí náà àwọn láìbìrì ńlá jọ ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní VIAF, tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí gbogbo orúkọ tó ń jẹ́ sì so mọ́ nọ́ńbà yẹn. Tiwa gan-an ńkọ́? Ẹ lọ wá Ilé-Ifẹ̀ nínú àkójọ ìwé àtijọ́, ẹ máa rí Ile Ife, Ilé-Ifè̩, Ife, Ilife, ẹ máa rí ohun tójú ò rí rí.

Èyí tó tún wá ń bí mi nínú ni àmì. Lẹ́tà ẹ tí ẹ ń rí yìí, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí e lásán tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún, àwọn míì sì ń fi ìlà kékeré sí ìdí ẹ̀ dípò àmì tóótó. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ tó pọ̀. Nínú ẹ̀rọ, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí ohùn òkè bá wá gun orí ẹ̀, bíi ẹ́, kò tiẹ̀ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n yàn fún un, àfi kí wọ́n to wọ́n léra. Ìdí nìyẹn tí ẹ máa fi wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì Yorùbá tí fóònù á ní kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà níwájú yín. Ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń sọ àwọn oríṣi yẹn di ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, àmọ́ ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ rántí ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rántí wa.

Irú wàhálà yẹn ló wà lára ìwé àwọn mọ́ǹkì. Awọ wọ́n, ọwọ́ ń dùn wọ́n, wọ́n bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Wọ́n á fa ìlà sórí lẹ́tà kan láti sọ pé m tàbí n sọnù níbẹ̀, wọ́n á fa ìlà gba ìdí p kọjá kó lè dúró fún "per". Tí mo bá wá ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ṣé p onílà ni kí n tẹ̀ ni àbí "per"? Tí mo bá tẹ p onílà, kò sẹ́ni tó máa rí i tó bá ń wá a. Tí mo bá tẹ "per", mo ti fi òye ara mi rọ́pò ohun tó wà lójú ìwé, ó sì lè jẹ́ pé mo ṣì í kà. Ìlànà kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, TEI, jẹ́ kí èèyàn lè kọ méjèèjì: ohun tójú rí rèé, ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ rèé. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, ó sì máa ń súni, àmọ́ ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ọ̀mọ̀wé tó ní òdodo.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn AI máa ní ẹ̀rọ á kúkú kà á fún wa. Ó ń kà á lóòótọ́. Wọ́n á fi ojú ìwé tí èèyàn ti kà sílẹ̀ kọ́ ọ, lẹ́yìn náà òun náà á máa ka ìyókù. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ní bí ọdún 1300: i jẹ́ ìlà ìdúró kan, n méjì, u méjì, m mẹ́ta, i ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní tóótó lórí. Ẹ kọ "minimum" báyẹn, ìlà ìdúró 15 ló máa tò tẹ̀lé ara wọn bí ọgbà ewúrẹ́. Èèyàn tó gbọ́ Látìnì á wo ohun tí gbólóhùn náà ń sọ kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ á méfò, á sì fi ìgboyà méfò, tó bá kùnà á kọ ọ̀rọ̀ míì tó dùn ún kà síbẹ̀. Akọ̀wé ọlọ́gbọ́n tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló tún padà dé yẹn.

Síbẹ̀ mi ò ní purọ́, ẹ̀rọ náà ti ṣe bẹbẹ. Òkè Vesuvius ní Ítálì bú gbàmù lọ́dún 79, ó bo ìlú Herculaneum mọ́lẹ̀, ilé olówó kan sì wà níbẹ̀ tí ìwé kíká kún inú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ di èédú. Ní àwọn ọdún 1750 ni wọ́n hú wọn jáde, ẹni tó bá fẹ́ tú u, ó máa fọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brent Seales ní Yunifásítì Kentucky ló lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí wọ́n ṣe lè fi X-ray ya inú ìwé náà láìtú u, kí kọ̀ǹpútà wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Lọ́dún 2023 wọ́n sọ ọ́ di ìdíje, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Luke Farritor, rí ọ̀rọ̀ odindi àkọ́kọ́, tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ àlùkò. Nígbà tó di oṣù Èrèlé 2024, òun, Youssef Nader àti Julian Schilliger gba 700,000 dọ́là fún ojú ewé tó pọ̀ díẹ̀, ó ń sọ nípa ìgbádùn, orin àti oúnjẹ. Ẹ̀rọ ló fi tàdáwà hàn. Àwọn tó gbọ́ Gíríìkì ló jókòó tì í, tí wọ́n ń sọ pé lẹ́tà yìí nìyí, ìyẹn ò dá wa lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ó ti là. Oṣù Ọ̀wàrà 2023 ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ British Library ní London, wọ́n ti ẹ̀rọ wọn pa, wọ́n ń béèrè owó. Láìbìrì ò san án. Àwòrán ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣeé wò mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Láìbìrì yìí kan náà ló ní Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà, tí iná jó etí ẹ̀ lọ́dún 1731. Ìwé tí iná ò rí jẹ tán, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tún wá sé àwòrán ẹ̀ mọ́ wa lójú.

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun, torí mo mọ̀ pé ìyẹn ni ìbéèrè tó kàn: wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì, wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní láìbìrì àti mùsíọ̀mù, wọ́n ń kọ́ irú àkójọ orí kọ̀ǹpútà tí mo ti ń sọ láti òkè. Àyè ẹ̀ ò pọ̀ o, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ọdún wá a. Níbí náà a nílò wọn, ẹ lọ wo àwọn ìwé ilé ẹjọ́ àtijọ́, ìwé ìṣirò àwọn onísìn, lẹ́tà àwọn ọba, tí ikán ń fi ṣe oúnjẹ nínú ilé àwọn èèyàn láti Ifẹ̀ dé Iléṣà.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, láìbìrì Vatican ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ọwọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn wá DigiVatLib. Ti ilẹ̀ Switzerland ń jẹ́ e-codices. Tó bá jẹ́ ti Gíríìkì àti Látìnì pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, Perseus ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àmọ́ àwòrán wọn wúwo gan-an, ẹni tí dátà ẹ̀ bá ti ń tán lọ, kó dúró dìgbà tó bá débi tí Wi-Fi wà.